Bí ẹ ṣe lè mọ ìtàn àti ìṣe àwọn ará Ṣáínà kí ẹ tó bá wọn dòwò

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa tó ń lọ rajà ní Guangzhou tàbí Yiwu ló ti mọ iye ọjà kí wọ́n tó wọ bàálù. Wọ́n mọ iye tí kọ̀ntéńà kan máa ná wọn dé Àpápá, wọ́n sì mọ ajẹ́ńtì tó máa bá wọn kó o. Ohun tí wọn kì í sábà mọ̀ ni ẹni tó jókòó níwájú wọn: ohun tó ń dùn ún, ohun tó máa ń bí i nínú, ìdí tó fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ. Ibẹ̀ lówó ti ń sọnù. Gbájúẹ̀ wà ní Ṣáínà bó ṣe wà níbi gbogbo, àmọ́ lójú tèmi, àdánù tó ń bá àwọn oníṣòwò wa jù kò ti ọwọ́ gbájúẹ̀ wá. Ọjà ló máa ń dé tí kò rí bí èyí tí wọ́n fi hàn wọ́n. Bí a bá sì wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò, a máa rí i pé ibi tí wọ́n ti ń ná an ló ti bàjẹ́, nítorí pé ẹni tó ń tà kò lè la ẹnu sọ pé rárá, ẹni tó ń rà kò sì mọ̀ pé rárá lòun ń gbọ́.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀, ó sì wà fún ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Èkó, Ìbàdàn tàbí Kútọnu.

1. Ẹ mọ ọgbẹ́ tí kò tíì jinná

Láti ọdún 1757, ìlú Guangzhou nìkan ni ọba Ṣáínà gbà kí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù máa gúnlẹ̀ sí. Fàdákà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ra tíì níbẹ̀, fàdákà náà sì ń tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá ń kó ọ́píọ̀mù wọlé láti Íńdíà, oògùn olóró tó di bárakú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ní 1839, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Lin Zexu gba àpótí ọ́píọ̀mù tó lé ní 20,000 lọ́wọ́ wọn, ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní Humen. Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ ogun dé. Nígbà tí wọ́n fi máa tọwọ́ bọ̀wé ní Nanjing ní 1842, Hong Kong ti bọ́ lọ́wọ́ Ṣáínà, wọ́n ní kó san mílíọ̀nù 21 owó fàdákà, kó sì ṣí èbúté márùn-ún sílẹ̀ fún wọn. Ogun kejì tẹ̀ lé e. Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kó ẹrù inú ààfin ọba tó wà lẹ́bàá Beijing, wọ́n sì dáná sun ún. Japan gba Taiwan ní 1895, ó gba ìhà àríwá ìlà-oòrùn ní 1931, nígbà tó sì di ìparí 1937, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa àwọn ará ìlú Nanjing ní ìpakúpa.

Gbogbo ọmọ ilé ìwé ní Ṣáínà ló ń kọ́ èyí, ọgọ́rùn-ún ọdún ìtìjú ni wọ́n sì ń pè é. Àwa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó wa ní 1851, tí wọ́n sì fi ìwé gbà á pátápátá ní 1861, kò yẹ kó ṣòro fún wa láti mọ bó ṣe ń rí lára.

Kí ni ẹ máa fi ìtàn yìí ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá ṣe wọ́n lóore, ẹ má sì halẹ̀ mọ́ wọn. “Bí ẹ kò bá fẹ́, màá gbé owó mi lọ sí Íńdíà” lè dà bí ọ̀rọ̀ ọjà lásán létí wa, àmọ́ létí wọn, ìwọ̀sí ni.

Èkejì, ẹ má ṣe pe Taiwan, erékùṣù tí Ṣáínà kà sí ara ilẹ̀ rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè lójú wọn. Bí ẹ bá ń ṣe páálí tàbí ìwé àjákọ tó ní àwòrán ilẹ̀ ayé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí àwọn aṣọ́bodè wọn máa ń gbẹ́sẹ̀ lé ọjà tí àwòrán ilẹ̀ Ṣáínà tó wà lára rẹ̀ kò bá bá tiwọn mu. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ń bá Beijing ṣe láti 10 oṣù kejì 1971, ní 2017 ló sì ní kí ọ́fíìsì ìṣòwò Taiwan kó kúrò ní Àbújá lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ òṣèlú tó gbóná, bíi ti àgbègbè Tibet àti Xinjiang, àti ti ìwọ́de Tiananmen tí wọ́n fi ìbọn tú ká ní 1989, kò yẹ ní ìdí ọjà. Ẹ lè ní èrò tiyín, ó sì tọ́ kí ẹ ní in, àmọ́ ẹni tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ náà há lọ́rùn lè rí ìjàngbọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sílé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò mọ inú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ọ́píọ̀mù dójú tì kò ní àánú fún oògùn olóró. Gíráàmù 50 heroin péré ti tó láti gba ìdájọ́ ikú lábẹ́ òfin wọn. Mo bẹ àwọn òbí tó ń rán ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ sọ èyí fún wọn léraléra.

2. Ẹ wo ọjọ́ orí ọ̀gá

Ẹni tó bá sún mọ́ àádọ́rin ọdún lónìí, ọmọdé ni nígbà ìyàn ńlá tó jà láàrin 1959 sí 1961. Ìgbà tó yẹ kó wà nílé ìwé ni rògbòdìyàn tí Mao Zedong, olórí wọn nígbà náà, dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láti 1966 títí di 1976. Wọ́n ti ilé ìwé pa, wọ́n ń wọ́ olùkọ́ àti ẹni tó bá ní dúkìá síta láti dójú tì wọ́n ní gbangba. Ẹni tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní kékeré kì í gbàgbé bí ìtìjú ní gbangba ṣe ń dun ni.

1978 ni ilẹ̀ tó mọ́. Ní abúlé Xiaogang ní ìpínlẹ̀ Anhui, àwọn àgbẹ̀ 18 tẹ̀ka sí ìwé ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn máa pín oko àjùmọ̀ṣe, kí kálukú máa ro tirẹ̀. Nǹkan tó lè gbé wọn dé ẹ̀wọ̀n ni. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, Deng Xiaoping, tó di aṣáájú wọn lẹ́yìn ikú Mao, àti ẹgbẹ́ òṣèlú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn fún òwò. Ní 1980, wọ́n ya Shenzhen, Zhuhai, Shantou àti Xiamen sọ́tọ̀ kí àwọn àjòjì lè wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Yiwu tí gbogbo wa mọ̀ yìí, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tálákà débi pé ṣúgà ni wọ́n ń rù kiri abúlé láti fi pààrọ̀ ìyẹ́ adìyẹ. 1982 ni ìjọba ìbílẹ̀ gbà wọ́n láyè láti ná ọjà ní gbangba, ọjà ọ̀hún sì ti ní ìsọ̀ tó tó 75,000 báyìí.

Nítorí náà, bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ bi í bó ṣe bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ìbéèrè tó tún dára ju ìyẹn lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò yín sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ tán. Ọ̀pọ̀ wọn ló fi ọwọ́ ara wọn ran aṣọ tàbí tò ṣíìpù kí wọ́n tó ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, inú wọn sì máa ń dùn pé àjòjì bìkítà láti béèrè. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọ̀gá ló jókòó, tó kàwé ní òkè òkun, tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè tètè wọ inú ọ̀rọ̀. Kí ẹ ṣáà rántí pé baba rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

3. Ẹ mọ ìlú tó ni ọjà

Ní Ṣáínà, ìlú kan a máa di ojúkò ọjà kan. Keqiao lẹ́bàá Shaoxing ló ni aṣọ, Yiwu ló ni pẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ oríṣiríṣi, Foshan ló ni táìlì àti àga, Guzhen ní Zhongshan ló ni iná ilé, Huaqiangbei ní Shenzhen ló ni ẹ̀yà ara fóònù. Ọ̀pọ̀ wíìgì tí àwọn obìnrin wa ń dé, Xuchang ní ìpínlẹ̀ Henan ni wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ bá ra wíìgì ní Guangzhou, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ alágbàtà lẹ ti rà á. Kò burú bí ọjà yín bá kéré, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò tíì ní ibi tó máa gbà wọlé lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàtẹ ọjà ńlá Guangzhou, èyí tó ti wà láti 1957, tó máa ń wáyé ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá.

4. Ìpàdé àkọ́kọ́

Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú. Bí orúkọ ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Wang, Wang ni ẹ máa pè é, kì í ṣe èyí tó gbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá àgbà, “Wang zong” ni ẹ máa pè é. Ẹ má ṣe pè é ní orúkọ àbísọ. Ẹni tó bá dàgbà jù tàbí tí ipò rẹ̀ ga jù ni ẹ ń kọ́kọ́ kí, òun náà ni ẹ ń kọ́kọ́ fún ní káàdì, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tí wọ́n bá fún yín ní tiwọn, ẹ kà á kí ẹ tó gbé e sórí tábìlì níwájú yín. Ẹ má ṣe tì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ọmọ Yorùbá kò ní ìṣòro pẹ̀lú ìyẹn. Ẹ̀kọ́ Confucius, ọlọ́gbọ́n wọn tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, ló ti fi àgbà sí ipò àgbà láàrin wọn, ọmọ tí wọ́n sì kọ́ ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ nílé máa ń tètè mọ ohun tó yẹ kó ṣe níbẹ̀.

Orí WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, ni gbogbo òwò wà. WhatsApp, Google àti Facebook kì í ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, nítorí náà ẹ ṣí WeChat nílé kí ẹ tó gbéra. Kí ẹ rántí pé wákàtí méje ni aago wọn fi ṣáájú ti Èkó: ìgbà tí ẹ bá jí láago mẹ́fà àárọ̀, aago kan ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wọn.

5. Nídìí oúnjẹ

Wọ́n máa ní kí ẹ wá jẹun. Ẹ lọ. Ẹni tó bá sọ pé ó ti rẹ òun, òun fẹ́ sùn, ti sọ pé òun kò fẹ́ mọ̀ wọ́n.

Tábìlì róbótó ni. Ẹ dúró kí wọ́n fi àga hàn yín. Olóúnjẹ sábà máa ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àlejò pàtàkì sì máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ẹja bá dé, wọ́n á yí orí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àlejò. Ẹ kọ́kọ́ mú níbẹ̀, nítorí àwọn yòókù lè máa dúró dè yín. Ẹ má ṣe gún igi ìjẹun méjèèjì ní òòró sínú ìresì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún òkú nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ń bu tíì fún yín ní Guangzhou, ẹ fi ìka méjì kan tábìlì wẹ́rẹ́, ọpẹ́ ni.

Ọtí ni ìdánwò ibẹ̀. Ọtí baijiu le gan-an, wọ́n á sì máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá bá yín kan ife. Bí ẹ bá ń kan ife pẹ̀lú ẹni tó jù yín lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnu ife tiyín rẹlẹ̀ sí tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ìlera rẹ̀ kò gba ọtí, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó bu ti àkọ́kọ́, kó sì fi tíì kan ife pẹ̀lú gbogbo wọn. Wọ́n á gbà. Ohun tí wọn kì í fẹ́ ni ẹni tó mu pẹ̀lú ẹnì kan tó wá kọ̀ fún ẹnì kejì. Ẹ má ṣe mú ọ̀rọ̀ iye ọjà wá síbẹ̀, àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá dá a sílẹ̀. Ẹni tó pe ìpè ló ń sanwó. Ẹ pe tiyín kí ẹ tó kúrò nílùú.

6. Ìdúnàádúrà: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Ẹ kọ́ láti gbọ́ rárá. “A máa yẹ̀ ẹ́ wò.” “Ó ṣòro díẹ̀.” “Ó lè rí bẹ́ẹ̀.” Kí ọ̀gá dákẹ́, kó máa wo fóònù rẹ̀. Kí ó ní òun máa béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò ní padà dárúkọ mọ́. Rárá ni gbogbo rẹ̀. Kò fẹ́ dójú tì yín, kò sì fẹ́ kí ojú ti òun náà pé ohun tí àlejò béèrè kọjá agbára òun.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ ìnura ṣe àpẹẹrẹ. Sáńpù tí wọ́n fi hàn yín jẹ́ gíráàmù 450 ní mítà kan lóòró àti níbùú. Ẹ ní kí wọ́n já owó, wọ́n já a. Ẹ tún ní kí wọ́n já a, ọ̀gá dákẹ́, ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, ó ní ó ṣòro díẹ̀. Ẹ ní iye tí ẹ máa san rèé, ẹ kò ní lé e mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ni pé aṣọ ìnura yín ti di gíráàmù 380. Lójú tirẹ̀, kò parọ́ fún yín: ẹ ti sọ iye tí ẹ ní, òun náà sì ti wá ohun tí iye yẹn lè rà. Ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ ti borí.

Wáyà iná burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá tẹ owó mọ́lẹ̀ tán, bàbà a di alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ tètè ń gbóná, ilé àwọn ènìyàn wa ló sì ń lọ. Kò sí èrè tó tó ìyẹn.

Ìbéèrè tó yẹ kó wà lẹ́nu yín ni: “Bí mo bá fẹ́ san iye báyìí, kí lẹ máa yọ kúrò nínú ọjà náà?” Ẹ béèrè rẹ̀ jẹ́ẹ́, láìsí ìbínú. Ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un láti sọ òtítọ́ láìsí ìtìjú, á sì sọ ọ́: okùn tín-ínrín, páálí tí kò nípọn, ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin lẹ máa wá yàn èyí tí àwọn oníbàárà yín lè fara mọ́. Bí ẹ bá nílò ẹ̀dínwó gidi, ẹ fi iye tí ẹ máa rà lọ́dún kan ná an, kì í ṣe ariwo. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le, ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe bá a wí níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí ẹ̀yin tilẹ̀ lẹ jàre.

7. Ìwé àti òǹtẹ̀

Ìfẹ́ àti oúnjẹ kò dípò ìwé. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìṣòwò ilé iṣẹ́ náà, tó ní nọ́ńbà olójú 18, kí ẹ sì fi orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ní èdè Ṣáínà wé ti ìwé àdéhùn àti ti àkáǹtì báńkì. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ẹ dúró. Ẹ má ṣe sanwó sí àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Bí nọ́ńbà àkáǹtì tuntun bá dé lójijì lórí ímeèlì, ẹ pe ọ̀gá lórí fídíò kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn wà ní èdè Ṣáínà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀ róbótó pupa ilé iṣẹ́ náà, ẹ má gbà á, bí ọ̀gá tilẹ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú yín. Ẹ kọ ìwúwo, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ àti páálí síbẹ̀. Ẹ fi sáńpù méjì sínú àpò, kí ẹ̀yin àti wọn jọ fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà ń san sílẹ̀. Ẹ san ìdá 70 tó kù lẹ́yìn tí ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ wọn bá ti yẹ ọjà náà wò.

Bí ẹ bá ní àmì ọjà tiyín, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣáínà kí ẹ tó fi hàn wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni òfin wọn sábà máa ń mọ̀, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ lò ó.

8. Ọjọ́, nọ́ńbà àti ẹ̀bùn

Ọdún tuntun wọn máa ń bọ́ sáàárín 21 oṣù kìn-ín-ní sí 20 oṣù kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ á ti máa lọ sí abúlé wọn ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn mìíràn kì í sì padà sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti kúrò. Ọjà tí wọ́n sáré parí kí ọdún tó dé, tàbí tí ọwọ́ tuntun ṣe lẹ́yìn ọdún, ni àbùkù máa ń pọ̀ lára rẹ̀. Ọjà tí ẹ fẹ́ tà ní Àjíǹde, ẹ jẹ́ kó ti kúrò ní èbúté kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, nítorí orí omi nìkan máa ń gbà ju oṣù kan lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá náà, ìsinmi ni.

Wọ́n fẹ́ràn nọ́ńbà 8, wọn kò fẹ́ 4 nítorí wọ́n so ó mọ́ ikú. 8 oṣù kẹjọ 2008, láago mẹ́jọ alẹ́, ni wọ́n ṣí ìdíje Òlíḿpíìkì Beijing. Ẹ má ṣe fún wọn ní aago ògiri, ọ̀bẹ, tàbí fìlà aláwọ̀ ewé fún ọkùnrin. Àdìrẹ tó dára láti Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, tí ẹ fi ìwé pupa wé, ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ará Guizhou náà ń fi ìda ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ọ̀rọ̀ sì máa ń dùn lórí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ẹ rọ̀ wọ́n.

9. Ẹ wà lábẹ́ òfin

Físà M ni ti oníṣòwò. Bí ẹ kò bá sí ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ ilé tí ẹ wọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàrin wákàtí 24. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání nígbà gbogbo, pàápàá ní àdúgbò Xiaobei àti Sanyuanli ní Guangzhou níbi tí àwọn ará Áfíríkà pọ̀ sí. Ẹni tí físà rẹ̀ bá parí lọ́wọ́ lè san 500 yuan, owó wọn, fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, títí dé 10,000, tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

10. Bí ọjà bá dé pẹ̀lú àbùkù

Ẹ má ṣe kọ ọ́ sójú gbogbo ẹgbẹ́ lórí WeChat. Ẹ ya àwòrán, ẹ gbé ọjà náà sórí ìwọ̀n, ẹ fi sáńpù tí ẹ jọ fọwọ́ sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó: páálí mélòó ló bàjẹ́, èló ni. Ó ṣòro kí wọ́n dá owó padà, àmọ́ wọ́n sábà máa ń gbà láti fi ọjà dípò rẹ̀ nínú èyí tó kàn, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìyẹn sínú ìwé ọjà tuntun náà, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé e, kí ẹ tó san ìdá 30 rẹ̀.